Èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Ìfiwéra àwọn ìrànwọ́ fún ẹni tó ní ọ́tísíìmù àti ìdílé rẹ̀

Alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi ń ké, ó ń gé ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ nígbà náà, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo gbé omi fún un, ó tì í dànù. Mo gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ wá, ó sọ ọ́ nù. Mo fà á mọ́ra, ó ń jà kó lè bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó tó wákàtí kan kí ẹ̀gbọ́n mi tó dìde pa fáànù, torí òtútù ń mú òun. Bí fáànù ṣe dúró ni ẹkún dá wáí. Ìró kan wà nínú fáànù yẹn, kín-ín kín-ín, tó ti mọ́ mi létí débi pé n kò gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí ọmọ mi ti ń sọ láti bíi wákàtí kan nìyẹn, pé kí ẹnì kan bá òun pa á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní ìwọ̀n kan tí mo fi ń wọn gbogbo ìrànwọ́ tí wọ́n bá gbé wá fún wa: bí ọmọ yìí bá fẹ́ sọ pé “ó tó”, ṣé ọ̀nà wà tó lè gbà sọ ọ́, ṣé wọ́n á sì gbọ́?

Ẹni tó bá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí láìní ìwọ̀n lọ́wọ́, orí rẹ̀ á dàrú. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọ́tísíìmù fún ìdílé kan tán, ojú ẹsẹ̀ ni nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé: ẹni tó ní áàpù kan wà, ẹni tó ní tẹ́rápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ ni kí ẹ lọ ṣe, ẹni tó mọ oògùn tó “wo ọmọ kan sàn”, ẹni tó ní kí ẹ dúró ná, pé ọmọkùnrin a máa pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Kò sí ìdílé tó lè ṣe gbogbo rẹ̀. Owó kò ní tó, agbára kò ní tó, ọmọ fúnra rẹ̀ kò ní lè fara dà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn níhìn-ín, tí mo sì ń sọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú. Òbí ni mí, n kì í ṣe dókítà. Ohun tó bá jẹ mọ́ oògùn àti àyẹ̀wò, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ ti parí rẹ̀.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Bí ọpọlọ ènìyàn kan ṣe ń dàgbà lọ́nà tirẹ̀ ni ọ́tísíìmù: ó kan bó ṣe ń bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ àti bí nǹkan bí ìró ṣe ń rí lára rẹ̀, láti inú oyún ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ràn, kì í ṣe èpè, ẹ̀bi ìyá kọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé lọ́dún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 127 ló ní in. Lọ́dún 1943 ni dókítà Leo Kanner, ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa ọmọ 11 tó kíyè sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, àwọn kan ń kéde pé ìyá tí ìfẹ́ rẹ̀ tútù sí ọmọ ló ń fà á. Irọ́ ni, ìwádìí sì ti gbé irọ́ náà ṣánlẹ̀. Mo ń sọ ọ́ torí pé mo ṣì ń bá ìyá pàdé tó ń ru ẹ̀bi yẹn kiri.

Láti ọdún 2013, orúkọ kan ṣoṣo ni ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń pe ohun tí wọ́n ti ń pín sí oríṣiríṣi tẹ́lẹ̀. Ọmọ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, kí èkejì má sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnì kan bá ní “èyí ló ṣiṣẹ́ fún ọmọ tiwa”. Òótọ́ ló lè máa sọ, kó má sì bá ọmọ tiyín mu.

Ìwé ìbéèrè àti àyẹ̀wò kíkún

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń lò jù fún ọmọdé ni M-CHAT-R. Ìbéèrè 20 ló wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn, ọmọ oṣù 16 sí oṣù 30 ni wọ́n ṣe é fún. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń béèrè ohun tí òbí ń rí lójoojúmọ́: bí ẹ bá na ìka sí nǹkan kan lápá kejì yàrá, ṣé ọmọ á wò ó? Ṣé òun náà máa ń na ìka sí nǹkan kí ẹ lè bá a wò ó? Bí máàkì, ìyẹn iye ìdáhùn tó ń tọ́ka sí ewu, bá wà láàárín 0 sí 2, ewu kéré, àmọ́ bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún méjì, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tó bá pé e. Láàárín 3 sí 7, ìbéèrè kejì wà tí oníṣẹ́ ìlera á bá yín ṣe. Tó bá di 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dúró de ìbéèrè kejì, ẹ wá ibi àyẹ̀wò. Fún àgbàlagbà, èyí tí wọ́n ń pè ní AQ-10 wà, ìbéèrè 10 péré.

Àyẹ̀wò kíkún yàtọ̀. Onímọ̀ á jókòó ti ọmọ, á wo bó ṣe ń ṣeré, bó ṣe ń béèrè nǹkan, bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Á sì béèrè ìtàn ọmọ lọ́wọ́ yín láti ìgbà tí ẹ ti bí i. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ tó lè dárúkọ ọ́tísíìmù. Ẹni tó bá ní òun lè fi ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè lè sọ fún yín pé kí ẹ lọ. Kò lè sọ ibi tí ẹ dé. Àyẹ̀wò kíkún ló ń ṣílẹ̀kùn iléèwé àti ìrànwọ́ ìjọba níbi tó bá wà, àmọ́ ó lè gba oṣù púpọ̀ kó tó kàn yín. Ohun tí mo máa ṣe ni pé kí n fi ìwé ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí n forúkọ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò lọ́la, kí n sì mú ọmọ lọ yẹ etí wò láàárín méjèèjì, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè máa ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ dáhùn. Dókítà tí àwa kọ́kọ́ rí ní kí a dúró. Ọdún kan gbáko la fi dúró. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti gbà, èyí nìkan ni mo lè sọ pé kí ẹ má gbà láé.

Àwòrán, àmì ọwọ́, tàbí ẹ̀rọ tó ń fọhùn

Ibí yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, torí ó dá mi lójú pé òun ló yẹ kó ṣáájú ohun gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbẹ̀rù kan kúrò. Gbogbo òbí ló ń béèrè pé: bí ọmọ bá ń fi àwòrán sọ̀rọ̀, ṣé kò ní ya ọ̀lẹ, kó má fẹ́ la ẹnu mọ́? Lọ́dún 2006, Millar, Light àti Schlosser kó àwọn ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ. Nínú àwọn ènìyàn 27 tí ẹ̀rí lórí wọn dúró ṣinṣin jù, kò sí ẹyọ kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìpín 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní ọ̀rọ̀ ẹnu sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni fún ọ̀pọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu bá kọ̀ kí ẹ tó gbìyànjú àwọn ọ̀nà yìí.

Káàdì àwòrán ni èyí tó rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní PECS, tí Andy Bondy àti Lori Frost dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985, ní ìpele mẹ́fà. Ní ìpele àkọ́kọ́, àgbàlagbà méjì ló máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀kan jókòó níwájú ọmọ pẹ̀lú ohun tí ọmọ fẹ́; èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ rárá. Bí ọmọ bá na ọwọ́ sí ohun náà, ẹni ẹ̀yìn á rọra darí ọwọ́ rẹ̀ sí káàdì, á bá a fi í sí ọwọ́ ẹni iwájú. Ẹni iwájú á pe orúkọ ohun náà, á sì fún un lójú ẹsẹ̀. Wọn kì í béèrè pé “kí lo fẹ́?” ní ìpele yìí. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá bá yín.

Nílé wa, fọ́tò kọ́ọ̀pù rẹ̀ gan-an ni mo tẹ̀ jáde, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo fi àlùmọ́gàjí gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe é. Ó ti ń rẹ̀ mí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo wà nídìí iṣẹ́, mo kọ ẹ̀yìn sí i, ni mo bá rí i tí nǹkan kan kàn mí ní itan. Káàdì ni. Ó ti rìn láti yàrá kejì, ó mú un dání, etí rẹ̀ kan ti rin torí ó ti fi sẹ́nu. Ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ń wo ojú mi. Mo bomi fún un, omi ń dà sílẹ̀ torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Àmì ọwọ́ ní àǹfààní tí káàdì kò ní: ọwọ́ kì í sọnù, kì í ya, ọmọ kì í gbàgbé rẹ̀ sílé. Makaton, tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1970, ń lo àmì ọwọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣòro rẹ̀ méjì ni. Ọmọ tí ìka rẹ̀ kò tíì gbọ́ràn sí i lẹ́nu dáadáa á máa ṣe àmì tó jọra fún nǹkan mẹ́ta. Èkejì, àwọn tó kọ́ ọ nìkan ló máa yé. Ẹni tó bá pàdé lójú ọ̀nà kò ní mọ ohun tó ń sọ.

Ẹ̀rọ tó ń fọhùn, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù tí ọmọ á tẹ àwòrán lórí rẹ̀ kó lè sọ ọ́ jáde, ni ọ̀rọ̀ tó lè gbà pọ̀ jù. Ẹni tí kò mọ ọmọ yín rí á gbọ́ ohun tó sọ. Áàpù Proloquo2Go gbajúmọ̀, àmọ́ owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, orí ẹ̀rọ Apple nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́. Cboard jẹ́ ọ̀fẹ́, UNICEF sì wà lára àwọn tó ti í lẹ́yìn. Ẹ tún wo ARASAAC, àkójọ àwòrán tí ìjọba ẹkùn Aragón nílẹ̀ Sípéènì ń ṣonígbọ̀wọ́ rẹ̀: ọ̀kẹ́ àìmọye àwòrán ló wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ fi ṣòwò, ẹ sì lè tẹ̀ wọ́n jáde fi ṣe káàdì tiyín.

Bí ẹ bá bi mí pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, káàdì ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀ torí pé ẹ lè ṣe é kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Ẹ̀rọ ni mo máa fi kún un ní kété tí ọmọ bá ti mọ̀ pé àwòrán dúró fún nǹkan. Kò dìgbà tó bá “yege” nídìí káàdì. Ẹ sì jẹ́ kí ojú ìwé kan tí ẹ tẹ̀ jáde máa wà nínú àpò rẹ̀ fún ọjọ́ tí bátìrì bá kú. Ẹ má fi ẹ̀rọ náà jẹ ọmọ níyà láé. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ torí pé ó ṣe ìjàngbọ̀n, ẹnu ọmọ náà ló gbà.

Ohun kan wà tí àwa àgbà máa ń gbàgbé: àwọn nǹkan tí ọmọ lè béèrè nìkan la máa ń kó sórí páálí. Omi, bọ́ọ̀lù, ìta. Ẹ fi “rárá” àti “ó tó” síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bó bá fi “ó tó” hàn yín, ẹ ṣíwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọ̀ yín lọ́rùn, kó lè mọ̀ pé káàdì yẹn ní agbára.

Èyí tí mo ní kí ẹ yẹra fún ni ìlànà tí ẹlòmíì ti ń di ọwọ́ tàbí apá ọmọ mú kó lè tẹ lẹ́tà. Wọ́n ti dán an wò léraléra: ọ̀rọ̀ ẹni tó di ọwọ́ mú ló ń jáde. ASHA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ ní Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 2018 pé kí wọ́n má lò ó. Ó máa ń dùn mọ́ òbí nínú láti rí gbólóhùn gígùn, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n ń fi ẹnu ẹlòmíì sọ̀rọ̀ fún kò tíì ní ẹnu tirẹ̀.

Ta ló máa kọ́ ọmọ: ẹ̀yin tàbí oníṣẹ́ tẹ́rápì?

Ní apá kan, ẹ̀kọ́ fún òbí wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní èyí tí wọ́n ṣe fún ìdílé ọmọ ọdún 2 sí 9 tí ìdàgbàsókè rẹ̀ falẹ̀: ìpàdé ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án, àbẹ̀wò ilé mẹ́ta. Kò dìgbà tí ọmọ bá ní ìwé dókítà. Èyí tí wọ́n ń kà fúnra ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú. Ohun tó ń kọ́ni ni bí ẹ ṣe lè sọ wíwẹ̀, wíwọṣọ àti eré di àyè ìbánisọ̀rọ̀. Ìlànà PACT ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ya fídíò òbí àti ọmọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré, oníṣẹ́ á wá jókòó ti òbí, wọ́n á jọ wò ó: “Ẹ wo ibí yìí, ó wo ojú yín, ẹ kò rí i.” Ọmọ 152 ni wọ́n fi dán an wò. Nígbà tí wọ́n tún padà wò wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn tí òbí wọn gba ẹ̀kọ́ ṣì sàn díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ nínú ìbánisọ̀rọ̀.

Ní apá kejì ni oníṣẹ́ tẹ́rápì. Onímọ̀ ọ̀rọ̀ sísọ máa ń ṣiṣẹ́ lórí oúnjẹ jíjẹ àti gbígbé mì pẹ̀lú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ẹni tí wọ́n ń pè ní occupational therapist á bá yín wá ìdí tí ọmọ fi ń bọ́ ẹ̀wù kan tí kò sì bọ́ òmíràn, á kọ́ ọ láti di bọ́tìnì, láti lo búrọ́ọ̀ṣì. Fún ọmọ kéékèèké, ESDM, iṣẹ́ Sally Rogers àti Geraldine Dawson, ń fi eré kọ́ ọmọ láti oṣù 12.

Lẹ́yìn náà ni ABA, ìlànà tí wọ́n ti ń pín ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn kọ́ ọ, tí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Lọ́dún 1987, Ivar Lovaas kọ̀wé pé ọmọ 9 nínú 19 tí òun fi irú ìlànà yìí kọ́ fún ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ dà bí àwọn ọmọ yòókù. Látorí ìwé yẹn ni ogójì wákàtí ti di ohun tí wọ́n ń tà fún òbí. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ ni pé wọn kò fi ìbò pín àwọn ọmọ náà sí ẹgbẹ́, pé ìjìyà wà lára ohun tí wọ́n lò nígbà náà, títí kan lílù lórí itan. Ọ̀pọ̀ ibi tó ń ṣe ABA lónìí ti jáwọ́ nínú ìyẹn, eré àti ẹ̀bùn ni wọ́n ń lò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù ń sọ pé ohun tí ó kọ́ àwọn ni kí àwọn máa bo ara àwọn mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ wọn, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ní ti wákàtí, àwọn olùwádìí kó ìwádìí tó lé ní ọgọ́rùn-ún jọ lọ́dún 2024, wọn kò sì rí ẹ̀rí tó dúró pé bí wákàtí bá ṣe pọ̀ sí ni àǹfààní ń pọ̀ sí.

Tẹ́rápì yòówù kí ẹ fẹ́ mú, ẹ lọ jókòó wò ó fún wákàtí kan kí ẹ tó sanwó. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí ọmọ bá yí ojú, tó bá sunkún, tó bá dìde. Ṣé wọ́n dúró, wọ́n wá ìdí rẹ̀? Àbí wọ́n fà á jókòó, wọ́n ń bá a lọ? Bí wọ́n bá ní kí òbí má wọlé, ẹ má fi ọmọ síbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ lè ṣe ní oṣù mẹ́ta. Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kó lè béèrè ìrànwọ́”, ó dára. Bó bá jẹ́ “kó má máa ju ọwọ́ mọ́”, ẹ bi wọ́n pé ta ni jíju ọwọ́ ń pa lára.

Tí owó tàbí ọ̀nà bá jẹ́ kí n mú ẹyọ kan péré, ẹ̀kọ́ fún òbí ni n ó mú. Oníṣẹ́ á rí ọmọ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń wọṣọ fún un, tí mo ń jí pẹ̀lú rẹ̀ lóru.

Ẹgbẹ́ òbí àti ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn

Àwọn òbí ló dá National Autistic Society sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1962. Autism Speaks ní Amẹ́ríkà, láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbà àti ìyá àgbà ọmọ kan ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005. Ìwé ọ̀fẹ́ rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ́yìn àyẹ̀wò wúlò fún ètò: ta ni kí ẹ pè, ìwé wo ni kí ẹ kó jọ. Àmọ́ fún ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ọ́tísíìmù bí ohun tí ó yẹ kí a pa run. Ọdún 2016 ni wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ìwòsàn kúrò nínú èrò ẹgbẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ọ́tísíìmù kò sì tíì dárí jì wọ́n. ASAN ní tiẹ̀, ẹgbẹ́ mìíràn ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, àwọn tó ní ọ́tísíìmù fúnra wọn ló ń darí rẹ̀, ìwé ọ̀fẹ́ wọn fún òbí sì wà ní ọ̀rọ̀ tó rọrùn kà.

Ọ̀rọ̀ yín á yé ẹgbẹ́ òbí nígbà tí ẹ kò bá tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹlòmíì tó lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmọ, àwọn tó ti jẹ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ rí ló lè sọ ọ́. Àgbàlagbà kan tó ní ọ́tísíìmù ló ṣàlàyé fún mi pé ìró fáànù kan náà dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ha eyín òun. Lọ́dún 2012, Damian Milton, onímọ̀ tí òun náà ní ọ́tísíìmù, kọ̀wé pé àìgbọ́ra-ẹni-yé tó wà láàárín àwa àti wọn, láti apá méjèèjì ni. Ẹ wọ ẹgbẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá sì ń ṣe ẹgbẹ́ òbí kan tó jẹ́ pé fídíò ọmọ tó ń ké ni wọ́n ń gbé síta fún gbogbo ayé wò, ẹ jáde kúrò níbẹ̀.

Iléèwé

N kò ní pẹ́ níbí, torí olórí iléèwé àti iye ọmọ inú kíláàsì ló ń pinnu ju orúkọ lọ. Iléèwé pàtàkì máa ń ní olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ àti ibi tó dákẹ́. Iléèwé gbogbogbòò ní àwọn ọmọ tí ọmọ yín á máa bá gbé ládùúgbò títí ayé. Ẹ wo ara ògiri kíláàsì: ṣé ètò ọjọ́ wà níbẹ̀ ní àwòrán, kí ọmọ lè mọ ohun tó kàn? Ìlànà TEACCH láti Yunifásítì North Carolina, iṣẹ́ tí Eric Schopler bẹ̀rẹ̀, ló sọ irú èyí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, olùkọ́ tó bá fẹ́ sì lè fi páálí ṣe é. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé níbo ni ọmọ lè lọ bí ariwo bá pọ̀ jù, ṣé ó sì lè lọ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣe ìjàngbọ̀n.

Oògùn dókítà àti ìlérí ìwòsàn

Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísíìmù sàn. Àwọn tó wà ń ran nǹkan kan pàtó lọ́wọ́. FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí risperidone lọ́dún 2006 àti aripiprazole lọ́dún 2009, fún ìbínú líle àti ìpara-ẹni-lára, wọ́n sì lè mú kí ọmọ sanra gan-an. Wárápá wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ní oògùn tirẹ̀. Oògùn rere ní orúkọ, ó ní ìwọ̀n, ó ní ewu tí dókítà á sọ fún yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlérí ìwòsàn kò ní èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn kan ń fún ọmọ ní chlorine dioxide, tó jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó aṣọ láwọ̀, mu tàbí kí wọ́n fà á sí ọmọ nídìí. Àwọn kan ń fa oògùn tó ń gbá irin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára. Ọmọ kan kú nídìí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. FDA ti kìlọ̀ lórí méjèèjì. Ní ti àjẹsára, ìwé tí dókítà Andrew Wakefield kọ lọ́dún 1998 lórí ọmọ 12, tó so abẹ́rẹ́ MMR, ìyẹn àjẹsára tó ń dènà àrùn bí ìgbóná èèyi (measles), mọ́ ọ́tísíìmù, ni wọ́n fà yọ lọ́dún 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìṣègùn lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí ní Denmark wo ọmọ 657,461, wọn kò rí ìsopọ̀ kankan láàárín abẹ́rẹ́ MMR àti ọ́tísíìmù. Ẹ gba àjẹsára fún ọmọ yín. Inú mi máa ń bàjẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí torí pé ọmọ tí wọ́n ń da kẹ́míkà sí lára, òun náà ni kò ní ẹnu tó lè fi sọ pé ó tó.

Ìrànwọ́ fún ẹ̀yin fúnra yín

Nínú gbogbo ohun tí mo kà, èyí ni òbí máa ń fi sẹ́yìn jù. Ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá yín di ọmọ mú. Ẹ wá méjèèjì, àmọ́ bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ mú èyí tó ń di ọmọ mú. Wákàtí mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé, kí n lè sùn, ṣe mí láǹfààní ju ọ̀rọ̀ ìtùnú oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ kọ́ ẹni náà ní káàdì, kí ọmọ lè bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ẹ sì wá àyè fún ọmọ yín yòókù. Àbúrò ọmọ mi bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé bí òun náà bá gé ọwọ́ ara òun jẹ, mo máa wá jókòó ti òun. Láti ìgbà yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan wà lójoojúmọ́ tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Bí mo bá tún wà níbẹ̀rẹ̀

Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀: káàdì lónìí, àyẹ̀wò etí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀kọ́ òbí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé lóṣù yìí, kí orúkọ yín sì ti wà lórí ìlà àyẹ̀wò. Tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ariwo àti èrò ń dà á láàmú, ẹ kọ́kọ́ wá occupational therapist, kí ẹ sì ṣe ètò ọjọ́ ní àwòrán. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ní in, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wá kó tó wá dókítà kejì.

Ọmọ mi ti pé mẹ́jọ báyìí. Káàdì “ó tó” rẹ̀ ti ya lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ti ṣe òmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Oṣù tó kọjá, a lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ẹ̀rọ náà ń dún létí rẹ̀, ó fara dà á títí, ó di ọwọ́ àga mú. Nígbà tó yá, ó yọ káàdì náà lápò, ó nà án sí onígbàjámọ̀. Ọkùnrin náà wo káàdì, ó wo èmi.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ní ó tó.”

Ó pa ẹ̀rọ. Ìdajì orí ni wọ́n tíì gẹ̀. Bí a ṣe rìn lọ sílé nìyẹn, apá òsì rẹ̀ ń dán, irun ṣù sí apá ọ̀tún, a sì padà lọ́jọ́ kejì fún èyí tó kù.